Àwa Ìwọ̀fà Pọ́n-ùn Kan

Orúkọ ìyá náà ò ní jáde lẹ́nu mi. Ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ẹni tó bá ń gbé apá Peckham ní Ìlú Ọba níbí, tó sì ń lọ sí ìjọ wa, á ti mọ ẹni tí mò ń wí kó tó ka ìlà kẹta, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìsìn. Gèlè ìyá náà dúró bí òrùlé, léèsì rẹ̀ ń kọ mọ̀nà, bàtà àti báàgì bára mu. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló dìde jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti kọ́ òun ní ìrẹ̀lẹ̀. Ó yà sí súpámákẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́nà, ó ra ìrẹsì, ó ra òróró, ó ra tòmátò alágolo, ó ti tírọ́lì dé ìdí mọ́tò rẹ̀, ó kó ẹrù sí búùtù. Tírọ́lì ńkọ́? Ó fẹsẹ̀ tì í! Ẹsẹ̀ ni mo wí, bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀lùbọ́. Tírọ́lì rọra yí lọ, ó lọ dúró gbagidi sí ààyè tí wọ́n ya àwòrán kẹ̀kẹ́ arọ sí, èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ìyá wọ mọ́tò, ó gbéra. Ibi tí wọ́n ń to tírọ́lì sí ò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ síbẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ kà á.

Ẹ má bi mí ohun tí mo jókòó ṣe nínú mọ́tò tèmi tí mo fi rí gbogbo èyí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Ọlọ́run tún pa wá pọ̀, ní súpámákẹ́ẹ̀tì mìíràn. Àwọn tibí kì í tú tírọ́lì sílẹ̀ lásán. Ẹ̀wọ̀n kékeré ló so ọ̀kan mọ́ èkejì. Àfi kí ẹ ti pọ́n-ùn kan bọ inú àpótí pẹlẹbẹ tó wà lórí ibi tí à ń dì mú, kí irin ẹnu ẹ̀wọ̀n náà tó já bọ́. Bí ẹ bá dá a padà, tí ẹ fi irin ti èkejì gún un lẹ́nu, á pọ pọ́n-ùn yín. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ yẹn bíi pé wọ́n sanwó fún un. Ìyá wa kó ẹrù tán, ó wojú ọ̀run, ó wo tírọ́lì. Ẹ̀yin ará, ó ṣí gèlè! Ó gbé gèlè sórí àga mọ́tò, ó fi ọ̀rá bo orí, ó ki eré mọ́lẹ̀, òun àti tírọ́lì, omi ń ta sí i ní ìró. Ó gún irin, pọ́n-ùn yọ, ó fi etí ìró nù ún, ó jù ú sí báàgì, ó tún sáré padà.

Ẹni tó ń san ìdámẹ́wàá láìpa oṣù kan jẹ. Ogún ìṣísẹ̀ tí ìrẹ̀lẹ̀ ò lè gbé e rìn, pọ́n-ùn kan gbé e sá a nínú òjò. Ha! Mo pòṣé títí itọ́ fi tán lẹ́nu mi.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo ronú sí i, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ìyá yẹn kéré. Ta lẹni tó kọ́kọ́ jókòó, tó ṣírò rẹ̀ tán, tó mọ̀ pé ojú tí ò ti ọmọlúàbí, pọ́n-ùn kan ló máa tì í? Ẹni yẹn ló yẹ ká fẹ́nu tẹ́.

Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Níbi tí kò bá sí ẹ̀wọ̀n, ọmọ ọlọ́mọ kan ní láti wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ yẹ́lò, kó máa ṣa tírọ́lì kiri ọgbà láti àárọ̀ dalẹ́. Á ki ọ̀kan bọ ọ̀kan títí wọ́n á fi gùn bí ọkọ̀ ojúurin, á fi okùn gbà wọ́n, á máa tì wọ́n lọ pẹ̀lú èjìká. Wọ́n ń sanwó fún ọmọ yẹn ní wákàtí-wákàtí. Bí ẹ bá fi ẹ̀wọ̀n àti pọ́n-ùn síbẹ̀, iṣẹ́ ọmọ yẹn tán, nítorí èmi, ìwọ àti ìyá onígèlè la ó máa ṣe é. Pọ́n-ùn ọ̀hún kì í sì í ṣe tiwọn, tiwa ni! Wọn ò ná kọ́bọ̀. Aldi, ọ̀kan nínú àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ọ̀hún, ò tilẹ̀ fi í bò. Tí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní torí pé àwọn ò gba òṣìṣẹ́ tó ń kó tírọ́lì jọ ni ọjà àwọn ṣe pọ́ọ́kú. Wọ́n ń sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ẹni tó ṣe wá lóore.

Ìwọ̀fà ayé àtijọ́, ó kéré tán, òun ló yáwó kó tó máa sìn. Àwa la yá wọn lówó, àwa náà la tún ń sìn wọ́n. Ẹ tún ronú kan ènì. Bí ẹ bá dé ọjà Bódìjà nílé tí ẹ ra ìrẹsì kóńgò mẹ́ta, oníìrẹsì tó bá mọ̀wà hù á bu ẹ̀kúnwọ́ lé e. Alábàárù á yọjú, ẹ ó ná an, á gbé e sórí, ẹ ó sanwó fún un, òun náà á rí ẹ̀kọ jẹ. Ní súpámákẹ́ẹ̀tì, hóró ìrẹsì kan ò gbọdọ̀ jábọ́ fún ẹnikẹ́ni. Oníbàárà ló ń fún ọlọ́jà lénì, ènì iṣẹ́. Àwọn àgbà ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Kí la jẹ tí wọ́n fi ń gbé igbá rù wá?

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀ o. Ẹ sún mọ́ mi.

Láyé ọjọ́sí ní Amẹ́ríkà, bí ènìyàn bá wọ ilé ìtajà, iwájú káńtà ló máa dúró sí. Á ka ohun tó fẹ́, ọmọ ọjà á lọ mú un wá, á wọ̀n ọ́n, á dì í. Ní 1916, ní ìlú Memphis, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Clarence Saunders ṣí ìsọ̀ kan tó pè ní Piggly Wiggly (orúkọ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ jọ̀ọ́!), ó gbé agbọ̀n lé àwọn ènìyàn lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa lọ ṣa ọjà fúnra wọn. Wọ́n rò pé òmìnira ni. Wọ́n dúpẹ́! Wọ́n sọ ẹni di ọmọ ọ̀dọ̀ lórí owó ara rẹ̀, ó ń dúpẹ́. Owó àwọn ọmọ ọjà tí kò gbà síṣẹ́ wọ àpò Saunders, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ààfin olókùúta pupa fẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n ń pè ní Pink Palace. Ẹ fọkàn balẹ̀, kò kó wọ ibẹ̀. Ó bá àwọn ọlọ́jà ìpín ìdókòwò ní Wall Street fa wàhálà, nígbà tó di 1923 wọ́n ti gba ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ààfin náà lọ. Àwọn ọmọ iléèwé ló ń lọ wo nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé níbẹ̀ lónìí. Mi ò yọ̀ ọ́, mo kàn ń sọ bó ṣe rí ni.

Agbọ̀n wá ní àléébù kan: bó bá ti wúwo, ìyàwó ilé á ṣíwọ́ ọjà rírà. Ẹni tí èyí kò jẹ́ kó sùn ni Sylvan Goldman, tó ni súpámákẹ́ẹ̀tì Humpty Dumpty ní Oklahoma City. Àga tó ṣeé ká ló ń wò lóru ọjọ́ kan tó fi rò ó pé bí òun bá gbé agbọ̀n lé e, tí òun sì fi táyà sí i lẹ́sẹ̀ ńkọ́? Òun àti mẹkáníìkì rẹ̀, Fred Young, kàn án. Ní June 1937 wọ́n gbé e jáde. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án! Àwọn obìnrin ní àwọn ti ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ tó, ó ti sú àwọn. Àwọn ọkùnrin ní ṣé ẹni tí apá rẹ̀ ò ká agbọ̀n ni wọ́n fẹ́ fi àwọn pè. Kí ni Goldman ṣe? Ó gba àwọn ènìyàn, lọ́kùnrin lóbìnrin, léwe lágbà, ó sanwó fún wọn kí wọ́n máa ti kẹ̀kẹ́ náà kiri inú ìsọ̀ bíi pé ọjà ni wọ́n ń rà. Bí a bá ṣe irú ìyẹn l'Ógùnpa, kí la ó pè é? Gbájúẹ̀! Òun sì di olówó ńlá, gbogbo ayé ń ti tírọ́lì.

Bó ṣe wá di pé ọgbọ́n tí wọ́n dá láti lé ọmọ ọjà dànù tún bí ọmọ mìíràn fún wọn nìyẹn. Nítorí tírọ́lì kì í dá rìn padà wálé. Owó tí wọn ò san mọ́ fún ẹni tó ń gbé ẹrù wá sí káńtà, wọ́n ní láti san án fún ẹni tó ń ṣa kẹ̀kẹ́ nínú ọgbà. Nígbà tó yá, ẹ̀wọ̀n dé.

Àwọn tó wá mọ bí a ṣe ń fún owó lọ́rùn jù ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Albrecht, Karl àti Theo, àwọn ará Essen ní Jámánì tó dá Aldi sílẹ̀. Ìsọ̀ tí ìyá wọn ṣí ní 1913 ni wọ́n jogún. Wọ́n ní kí la fẹ́ fi ẹni tó ń to ọjà sórí pẹpẹ ṣe? Wọ́n ya ẹnu páálí, wọ́n gbé páálí bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, kí oníbàárà máa mú nínú rẹ̀. Kí la fẹ́ fi ẹni tó ń lẹ iye owó mọ́ ọjà ṣe? Wọ́n ní kí akápò há iye owó gbogbo ọjà sórí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orí àwọn akápò wọ̀nyẹn ni ìwé iye owó ilé iṣẹ́ náà, títí di ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń ka àmì ọjà dé. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, wọ́n tẹ àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ púpọ̀ lára páálí kí akápò má baà fi ìṣẹ́jú àáyá kan wá a. Ẹ ti wọ ibẹ̀ rí, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ju ẹrù ẹni. Kí ẹ tó ṣí pọ́ọ̀sì, ẹyin ti wà lábẹ́ ìrẹsì. Wọn ò ní bá yín dì í. Ẹ ó kó o lọ sí pátákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ẹ lọ dì í níbẹ̀ bí ọmọ orukàn.

Ẹ jẹ́ n rọra sọ tilé wọn. Àwọn méjèèjì jà lórí sìgá, bóyá kí wọ́n máa tà á tàbí kí wọ́n má tà á, wọ́n sì pín ilé iṣẹ́ sí méjì, Àríwá fún Theo, Gúúsù fún Karl. Lórí sìgá! Nígbà tó di 1971, àwọn kan jí Theo gbé fún ọjọ́ 17. Wọ́n ní aṣọ ọrùn rẹ̀ burú débi pé àwọn ajínigbé ní kó fi káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ hàn kí wọ́n tó gbà pé olówó ni. Mílíọ̀nù 7 máàkì ni wọ́n fi tú u sílẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù Essen fúnra rẹ̀ ló gbé owó náà lọ. Nígbà tó délé tán, ó gba kóòtù lọ, ó ní kí wọ́n yọ owó ìtúsílẹ̀ náà nínú owó orí òun, pé ìnáwó òwò ni! Ẹ̀mí ara rẹ̀ o, lára ìnáwó òwò. Ẹni tó lè ṣírò ẹ̀mí ara rẹ̀ báyẹn, ṣé ogún ìṣísẹ̀ tìrẹ ni kò ní ṣírò?

Mo gbọ́ yín, ẹ ní ti Aldi kúkú sàn ju ti àwọn mìíràn lọ. Òótọ́ ni. Níbi ìtajà àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, àwọn tó ń di ẹrù tí wọ́n sì ń gbé e dé ìdí mọ́tò kì í gba owó oṣù rárá. Ohun tí oníbàárà bá fi sí wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ń jẹ. Ní Mẹ́síkò, àwọn arúgbó, àgbà tó yẹ ká máa kúnlẹ̀ kí, ti ń dúró lẹ́bàá akápò bẹ́ẹ̀, wọ́n ń di ẹrù súpámákẹ́ẹ̀tì sí ọ̀rá, ilé iṣẹ́ ò san kọ́bọ̀ fún wọn. Alábàárù tiwa ń ná owó rẹ̀ kó tó ru ẹrù. Àwọn yẹn ń wojú.

Àwa náà ò wá mọ́ o. Bàbá kan wà ní ẹ̀sítéètì wa tó ti tírọ́lì délé lọ́dún kan, tí kò dá a padà títí dòní. Òfin wà fún irú èyí ní Ìlú Ọba láti 1990: káńsù lè kó tírọ́lì tó bá sọnù sí títì, kó gba owó lọ́wọ́ ilé ìtajà tó bá fẹ́ gbà á padà. Nítorí bẹ́ẹ̀ làwọn mìíràn ṣe fi táyà tó ń dá ti ara rẹ̀ sí i. Wọ́n ri wáyà mọ́ ilẹ̀ lẹ́nu géètì, bí ẹ bá ti kọjá ìlà, táyà á kú pi, ẹrù yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé lójú gbogbo ayé. Tírọ́lì bàbá yìí wà ṣáájú ìyẹn. Ó kó iyẹ̀pẹ̀ sí i, ó gbé e sí bálíkónì, ó gbin ewédú. Olè ni, kò sí bí a ṣe fẹ́ pè é. Ewédú náà yọ̀ dáadáa. Mo jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀rọ ìsanwó-fúnra-ẹni. Lẹ́yìn tí wọ́n ti kó ọmọ inú ọgbà kúrò, wọ́n kọjú sí akápò. Ẹ̀rọ mẹ́jọ, ọmọbìnrin kan péré tó ń sáré láàárín wọn bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé nílé olórogún mẹ́jọ, ẹ̀rọ ń pariwo pé ẹrù àìmọ̀ wà nínú ọ̀rá ẹni, gbogbo ojú á wá yí sí yín. Ìtìjú! Àwọn kan bá ní ohun tí wọ́n fi ń gbẹ̀san. Arákùnrin kan tó ń darí orin (ẹ má bi mí orin ìjọ wo) a máa gbé àfọkádò sórí ìwọ̀n, a máa tẹ àlùbọ́sà. Ó ní owó iṣẹ́ òun lòun ń gbà. Nígbà tó yá, àwọn ọlọ́jà kan tún ìṣirò ṣe. Booths, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde ní November 2023 pé àwọn ń kó ẹ̀rọ náà kúrò ní gbogbo ìsọ̀ àwọn àfi méjì, ènìyàn làwọn fẹ́ fi dá ènìyàn lóhùn. Mo kà á tán, mo pàtẹ́wọ́. Kò sí ọ̀kan wọn nítòsí wa níbí.

Ó wá ku tèmi. N kò ní purọ́.

Lọ́dún tó kọjá, a ṣe ọgọ́ta ọdún fún ìyá àgbà kan ní gbọ̀ngàn kan lójú Old Kent Road. Aṣọ ẹbí ọjọ́ náà wọ́n, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Nínú báàgì ẹ̀bùn tí wọ́n pín, àwo wà níbẹ̀, táwẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, ohun ìkọ́ kọ́kọ́rọ́ sì wà níbẹ̀, tó ní róbà roboto kan lẹ́nu tó ṣe rẹ́gí pọ́n-ùn, pé kéèyàn máa fi ṣí tírọ́lì. Wọ́n tẹ ojú ọlọ́jọ́ìbí sí i, gèlè àti gbogbo rẹ̀, ibi tí orí ọba yẹ kó wà. Tèmi wà lára kọ́kọ́rọ́ mi. Mò ń lò ó, mo sì ń gbà á padà lẹ́nu ẹ̀wọ̀n ní gbogbo ìgbà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ni mo gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé. Òjò, dájúdájú. Mo ń wá pọ́n-ùn nínú àpò nígbà tí obìnrin kan ti tírọ́lì rẹ̀ wá bá mi, ó fa bòrí kóòtù dé ojú, ìbòmú wà nímú rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba tèmi o jàre, ẹ kàn fún mi ní pọ́n-ùn yín, kí n má baà tún rìn dé ibẹ̀.” Yorùbá ló sọ sí mi! Mo fún un ní pọ́n-ùn, onígun 12, tó ń dán gbinrin. Ó ṣàdúrà fún mi, ó ní mi ò ní ṣòfò.

Mo rajà tán, mo dá tírọ́lì padà, mo gún irin. Ohun tó yọ sí mi lọ́wọ́ fúyẹ́. Mo yí i sójú iná. Ìyá ọlọ́gọ́ta ọdún ló ń rẹ́rìn-ín sí mi, eyín rẹ̀ hàn tán.

Ènìyàn bí àádọ́rùn-ún ni wọ́n pín báàgì ẹ̀bùn yẹn fún. Àwòrán ọjọ́ náà wà lórí fóònù mi. Mo ti ń fẹ̀ ẹ́ wò ní tábìlì kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ Ẹtì, mo ti yọ àwọn tó ga jù, mo ti yọ àwọn tó wà nílé ní Nàìjíríà, mo ti yọ àwọn ọkùnrin. Títí di alẹ́ àná, ó ku mẹ́ta. Ìyá onígèlè wà nínú wọn.